Ọmọ Tí Àǹtí Mi Fi Ẹnu Pa

Obìnrin kan tí mi ò rí rí láyé mi ló kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń sunkún ọmọ mi tó kú. Ọmọ tó ń sunkún rẹ̀ náà dúró sẹ́yìn mi gan-an, ó ń fi aṣọ mi nu ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Mi ò kàwé lọ títí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni màá ṣe kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tí ẹ fọkàn tán, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Abúlé wa jìnnà sí títì. Yàrá méjì ni ilé ìtọ́jú wa, páànù ló wà lórí rẹ̀. Nínú yàrá kan la ti ń tọ́jú aláìsàn. Nínú ìkejì, àwọn ọmọdé ń kàwé láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, àwọn ìyá wọn á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara wọn.

Màmá Abẹ́rẹ́ ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe ní ìlú ńlá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn ọmọdé ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn. Ọmọ tó bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ síbi ìdí, á máa bò ó.

Èmi ni mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Mò ń se irinṣẹ́ nínú omi gbígbóná, mò ń gbé ọmọ sínú òṣùwọ̀n tó rọ̀ sára igi àjà, mò ń ṣọ́ yìnyín inú kúlà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Màmá kọ́ mi ní abẹ́rẹ́ gígún pàápàá. Ara tìmùtìmù ni wọ́n ti ní kí n kọ́kọ́ máa gún un, títí ọwọ́ mi fi dúró. Wọ́n á ní, "Tìmùtìmù kì í sunkún, ìyẹn ló ṣe yẹ kó o ṣàánú rẹ̀."

Káfíńtà ni ọkọ mi, òun ló kan àwọn bẹ́ǹṣì yẹn. Ọmọ kan la bí, obìnrin. Ọ̀gá ni gbogbo abúlé ń pè é, torí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pàṣẹ fún àgbàlagbà, àwọn àgbàlagbà náà sì ń ṣe é.

Àǹtí mi ló kù. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló ń wẹ̀ mí nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko, òun ló pọ̀n mí títí mo fi tóbi ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Nígbà tó dàgbà, ó lọ kàwé lókè òkun, ó sì gbọ́ èdè ibẹ̀. Èdè yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé wa. Ní gbogbo agbègbè wa, òun nìkan ló gbọ́ ọ.

Òun ló so wá pọ̀ mọ́ àjọ aláàánú kan níbẹ̀. Àjọ náà gbé sólà sórí páànù wa, wọ́n ń fi oògùn ránṣẹ́, wọ́n ń san owó oṣù tíṣà méjì. Aṣojú ni àwọn ará abúlé ń pe Àǹtí mi. Ohun tí a bá fẹ́ sọ fún àjọ, ẹnu rẹ̀ ló ń gbà. Ohun tí àjọ bá fẹ́ sọ fún wa, ẹnu rẹ̀ náà ni. A ò rí i bí ewu. Ta ni yóò rí ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ewu?

Lọ́dọọdún, àjọ máa ń fẹ́ fídíò ẹnì kan lábúlé, tí wọ́n á fi han àwọn tó ń dáwó fún wọn. Lọ́dún yẹn, Àǹtí mi ní èmi ló kàn.

Ó kọ́kọ́ jókòó tì mí lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń fọṣọ. Ó ní àjọ fẹ́ rán ẹnì kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, pé wọn ò ní wo ìwé ẹ̀rí, ẹni tó ti mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Ó ní, "Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn rẹ, kó sì dùn wọ́n."

Ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń wọ ilé ìwé gíga. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ funfun, mo ti ń gbọ́ bí bàtà mi ṣe ń dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá. Aṣọ tí mò ń fọ̀, mo fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Ìtàn mi kò le. Nígbà òjò, gìrì mú Ọ̀gá lọ́sàn-án gangan. Ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ le bíi pákó. Mo figbe ta. Ibi tí Màmá Abẹ́rẹ́ ti ń jẹun ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n sáré la ẹrọ̀fọ̀ já, wọn ò ráàyè wọ bàtà. Wọ́n dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún lára, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń dáhùn. Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi lajú. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ọ̀gá ni pé kí Màmá dìde lórí ẹní òun.

Ohun tí mo sọ níwájú kámẹ́rà nìyẹn, lẹ́ẹ̀kíní. Àǹtí mi ti mú kọ́tìnnì kúrò lójú fèrèsé mi, ó ti gbé àga tí ọkọ mi kàn jáde, ó ti ní kí n bọ́ bùbá tuntun tí mo wọ̀. Mo sọ ọ́ tán, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó pa kámẹ́rà.

Ó ní, "Àbúrò mi, ó dáa. Ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì bá ti wà níbẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ sí? Ohun tí kò sí ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

Mo bi í pé kí n wá ṣe Màmá Abẹ́rẹ́ báwo. Ó ní kí n yọ wọ́n kúrò, kí n sọ pé èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú ọmọ. Mo ní tí Màmá bá gbọ́ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu òógùn iwájú orí mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Ibo ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ? Àwọn tọ̀hún ò gbọ́ èdè tiwa, Màmá ò gbọ́ tiwọn. Nítorí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Láti ojú fèrèsé tí kò ní kọ́tìnnì mọ́, mò ń wo Màmá Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sá aṣọ aláìsàn sórí okùn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà. Mo wá yíjú sí kámẹ́rà, mo ní, "Kò sí nọ́ọ̀sì. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀."

Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà, ó béèrè bàtà Ọ̀gá, èyí pupa kékeré tí bàbá rẹ̀ rà fún un. Ó ní kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí n gbé bàtà náà sórí itan, kí n máa wò ó. Ó ní kí n má wo ojú òun, bàtà ni kí n máa wò. Mo bi í pé kí ni bàtà fẹ́ sọ. Ó ní fọ́tò tó dáa kì í ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ọ̀gá já wọlé, ó ní ta ló gbé bàtà òun. Àǹtí mi kó bisikíìtì fún un, ó mú un jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé torí ariwo rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n mo rántí dáadáa pé mo parí ọ̀rọ̀ mi. Mo ní, "Ọpẹ́ ni, ọmọ náà yè." Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, kúlà mi wá di ibi tí ọkọ mi ń kó ìṣó sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ yàrá kẹta, èyí tí aboyún á máa bímọ sí. Àǹtí mi ní fídíò mi ló ṣe é, pé àwọn èèyàn sunkún. Inú mi dùn. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i.

Lórí fóònù rẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹnu mi ń mì, ohùn Àǹtí mi ló ń jáde lórí tèmi, ní èdè wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ojú mi kúrò níbẹ̀, ó ku bàtà pupa nìkan, pẹ̀lú orin jẹ́jẹ́. Mo ní ó mà rẹwà o.

Màmá Abẹ́rẹ́ náà wò ó, wọ́n gbé gíláàsì sójú. Wọ́n bi mí pé kí ni Aṣojú ń sọ níbẹ̀ yẹn.

Mo ní, "Ohun tí mo sọ náà ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí gìrì mú Ọ̀gá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O sọ fún wọn pé mo sáré nínú ẹrọ̀fọ̀ bí ewúrẹ́?"

Mo ní mo mẹ́nu bà á. Mo sáré lọ wo omi tí mo gbé kaná, bẹ́ẹ̀ omi náà kò tíì hó.

Nígbà tí yàrá kẹta parí, àjọ ní àwọn ń bọ̀ wá ṣí i fúnra wọn. Ìgbà yẹn ni Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lemọ́lemọ́. Ó ní èrò á pọ̀, eruku á pọ̀, pé ṣé Ọ̀gá kò ní lọ lo ọ̀sẹ̀ yẹn lọ́dọ̀ ìyá wa nílùú. Mo ní ọmọ náà wà lára àwọn tó máa kọrin fún àlejò. Ó ní, "Ṣé orin ló ṣe pàtàkì ju ìlera ọmọ lọ? Ìwọ tó o fẹ́ di nọ́ọ̀sì." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi mú mi. Ìyá wa wá mú ọmọ lọ. Ọ̀gá wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi yà lóríta, kò juwọ́ sí mi.

Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ eruku yẹn kò yé òun. Ó ní ọmọ tó ń sùn síbi tí òun ti ń fi ayùn rẹ́ pákó lójoojúmọ́, eruku wo ló kù tí kò tíì fà símú. Mo ní kó má máa ka ẹ̀sùn sí Àǹtí mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn àlejò jókòó lábẹ́ tapólì, àwa jókòó kọjú sí wọn, àwọn ọmọ ilé ìwé tò sápá kan. Àǹtí mi dúró láàárín, ó ń gba ọ̀rọ̀ ní apá ọ̀tún, ó ń fún wa ní apá òsì. Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn àlejò, ó dé fìlà koríko tó fẹ̀ létí, àwọn ọmọdé sì ti sọ ọ́ ní Ìyá Onífìlà kó tó jókòó. Láti ìgbà tó ti dé, èmi ló ń wò.

Àṣé ìyá wa ti dé lẹ́yìn. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ó ní tí òun kò bá kọrin, òun kò ní jẹun mọ́ láyé. Ìyá wa tí kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n gbé e wọkọ̀. Ọwọ́ Ọ̀gá ni mo ṣàdédé mọ̀ lára lẹ́yìn aṣọ mi, ọwọ́ tí nǹkan dídùn lẹ̀ mọ́.

Kí n tó yíjú, Ìyá Onífìlà ti dìde. Ó rìn wá bá mi, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì sọ èdè wa. Ó hàn pé ó ti kọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ." Omijé ń dà lójú rẹ̀.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ẹnì kan ní bóyá wọ́n kọ́ ìyá àgbà ní ìkíni ọjọ́ mìíràn. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ojú Àǹtí mi. Mo ti mọ ojú yẹn láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan nínú àwọn àlejò gbé nǹkan jáde láti inú báàgì, ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Àwòrán ńlá ni. Ọ̀gá ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àpá kékeré tó wà lókè ojú rẹ̀ hàn kedere, èyí tó gbà nígbà tó jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì bàbá rẹ̀. Wọ́n fi òdòdó yí i ká. Ọkùnrin náà nawọ́ sí òkè ilẹ̀kùn yàrá tuntun, láti fi hàn wá pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí.

Ọ̀gá yọrí lẹ́yìn mi. "Èmi nìyẹn. Ta ló fi òdòdó yí mi ká?"

Ìyá Onífìlà wo àwòrán, ó wo ọmọ. Àǹtí mi yára sọ nǹkan ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Mo rí bí ojú ìyá àgbà náà ṣe rọ̀ padà. Ó mi orí, ó fọwọ́ pa Ọ̀gá lórí, bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ òrukàn lórí. Àǹtí mi tẹ̀ sí etí mi.

"Mo sọ fún wọn pé àbúrò rẹ̀ nìyí. Rẹ́rìn-ín, kó o mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí mímì lásán ni."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi kú?"

"Ìwọ lo sọ pé kò sí nọ́ọ̀sì," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò gbóná rárá. "Ọmọ tí gìrì mú, tí kò sí nọ́ọ̀sì. Kí lo rò pé wọ́n máa gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí i? Ibi tó o fi í sí ni mo ti gbé e."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí n wo àwọn tíṣà tó jókòó yẹn, pé owó oṣù wọn ń bẹ lórí orí tí mo fẹ́ mì. Yàrá ìbímọ wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ilé ẹ̀kọ́ rẹ náà wà níbẹ̀. Ẹnì kankan ò kú, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mi ò ní parọ́ fún yín mọ́. Ó kù díẹ̀ kí n mi orí. Ọrùn mi ti ṣe tán. Ọ̀gá ló fà mí láṣọ, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo ti kú ni?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi sínú ọwọ́ Ìyá Onífìlà. Mo tọ́ka sí àwòrán, mo tọ́ka sí ọmọ. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mo wá lo èyí tí mo rò pé ó ti kọ́ nínú tiwa. Mo ní, "Ọmọ mi. Ọmọ mi nìyí. Kò kú." Mo ń mi orí mi sọ́tùn-ún sósì. Mo tún un sọ.

Ìyá àgbà náà gbé ìka lé àpá tó wà nínú àwòrán. Ó wá gbé ìka kan náà lé òkè ojú Ọ̀gá, ó rọra ń fọwọ́ tọ ojú àpá náà bí ẹni tó ń kàwé nínú òkùnkùn. Ọ̀gá dúró jẹ́ẹ́ fún un, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ó dìde, ó yíjú sí Àǹtí mi, ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Gbogbo wa ń wo ẹnu Aṣojú, bó ṣe mọ́ wa lára, pé kó sọ ohun tí wọ́n wí. Àǹtí mi gbọ́ ọ̀rọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn àlejò kò ṣí yàrá. Wọ́n kó sínú ọkọ̀, wọ́n gbé àwòrán náà lọ, ojú Ọ̀gá kọ sí wa láti inú gíláàsì ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ilé ìwé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣì kọ orin wọn.

Àǹtí mi wá kó báàgì rẹ̀ nílé mi. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Ó ní mo fi òun ṣẹ̀sín lójú àlejò, pé òun kọ́lé fún abúlé, èmi wó o. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Èmi náà ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ẹ ti pa èmi náà lọ́hùn-ún, àbí ọkọ mìíràn lẹ wá fún un?" Àǹtí mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Èyí tó dùn mí wọ eegun ni ti ìyá wa. Wọ́n ní kí ló burú nínú kí n mi orí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi kò jalè, kò pààyàn, àǹfààní ló ń wá fún wa. Mo ní, "Ọmọ mi ni wọ́n pa, Mọ́mì." Wọ́n ní, "Ọmọ rẹ ló ń jẹun lọ́hùn-ún yẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán láàárín wa. Nígbà tí Àǹtí mi bá wá sílé ìyá wa, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi pé kí n má wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé ìtọ́jú. Màmá Abẹ́rẹ́ ti gbé omi kaná fúnra wọn, wọ́n ti ń se irinṣẹ́, iṣẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò wò mí. Wọ́n wà láàárín èrò lánàá, wọ́n ti ti ẹnu tíṣà gbọ́ ohun tí Àǹtí mi sọ sí mi létí, nítorí kì í ṣe etí mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Wọ́n ní, "Nínú ìtàn tẹ́ ẹ sọ fún wọn, níbo ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn?"

Omi hó, ó ń dà sínú iná. Mo mọ̀ pé Àǹtí mi ló pa ọmọ mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ pa Màmá Abẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí mo là ló gbà.

Wọ́n na ẹ̀mú sí mi, wọ́n kúrò nídìí iná. Ọmọ mi ni wọ́n máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Ọ̀gá ni.

Àjọ dá owó tíṣà dúró. Ọ̀kan ti lọ, èkejì ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn òbí ń fún un ní ohun tí agbára wọn ká. Yàrá kẹta wà ní títì títí di ìsìnyí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí mi. Mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Lóṣù tó kọjá, àjọ rán ọkùnrin kan sí wa láti ìlú mìíràn, tó gbọ́ èdè méjèèjì. Ó gbé ohùn Ìyá Onífìlà dání nínú fóònù. Ìyá náà ní fọ́tò Ọ̀gá wà lójú fèrèsé òun láti ọjọ́ tí òun ti rí fídíò náà, pé àràárọ̀ ni òun ń tan àbẹ́là sí i. Ó ní òun ti pa àbẹ́là náà, ṣùgbọ́n fọ́tò ṣì wà níbẹ̀, torí ẹ̀rín ọmọ náà ti mọ́ òun lára. Ó ní kí n tún ìtàn náà sọ, gbogbo rẹ̀, kí ọkùnrin yìí túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Mo ní mo gbà, tí Màmá Abẹ́rẹ́ bá máa jókòó tì mí. Ọkùnrin náà lọ bá Màmá sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ń rò ó.

Mo wá bi ọkùnrin náà nípa fídíò àkọ́kọ́, pé ṣé wọ́n ti pa á rẹ́. Ó ní àjọ ti mú un kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ti fi hàn ní ilé ìwé àti ilé ìjọsìn, pé kò sẹ́ni tó lè kó o padà tán.

Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Ní ìlú tí mi ò mọ̀, àwọn tí mi ò rí rí ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ mi. Tí Ọ̀gá bá wú ikọ́ báyìí, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn lókè òkun, mo fi iṣẹ́ kan rán yín. Tí wọ́n bá rí fídíò obìnrin kan tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wo bàtà pupa kékeré lórí itan rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ọmọ náà wà. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, kò fẹ́ fọ abọ́, ó sì ń pàṣẹ fún tíṣà kan ṣoṣo tó kù. Bàtà yẹn kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Kí ẹ sì sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n sáré wá nínú ẹrọ̀fọ̀. Wọn ò ráàyè wọ bàtà.